Bàbá Jámánì ní Ìkòtún

Kò sí ohun tó ń bí Festus Ọláyíwọlá nínú láyé yìí bíi kí ènìyàn kí i pé, "Bàbá Jámánì, ẹ kú àbọ̀ o." Kì í ṣe pé ó kórìíra ìkíni. Ta ni yóò wọ bàlúù lọ, tí yóò wọ bàlúù bọ̀, tí kò ní fẹ́ kí wọ́n kí òun káàbọ̀? Ṣùgbọ́n Festus kò dé Jámánì rí. Amẹ́ríkà ló lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló lò níbẹ̀, ó sì ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ta ló gbọ́? Ìyá Súmbọ̀ tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń yà kí ó fi gééjì wo táyà wọn kò gbọ́. Alága ẹgbẹ́ àwọn fọkanáísà, àgbàlagbà tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dìde nínú ìpàdé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé bá àwọn fi àdúrà kádìí ìpàdé. Festus gbàdúrà náà, àmọ́ ó sọ fún Ọlọ́run nínú àdúrà pé Amẹ́ríkà ni òun lọ, gbogbo wọn sì ṣe àmín. Bí wọ́n ti lajú báyìí, alága ní, "Bàbá Jámánì, a dúpẹ́ o."

Ẹni tó dá wàhálà náà sílẹ̀ ni Sódìq, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta èlò mọ́tò lódìkejì títì. Nígbà tí Festus dé, ó kó àwòrán mọ́kànlélọ́gbọ̀n sórí Wọ́sáàpù rẹ̀ kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè rí i. Sódìq wò wọ́n tán, ó ń mi orí.

"Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ò lè tàn mí jàre. Jámánì nìyí. Èdè tó wà lára ilé wọ̀nyí ni mo ń rí lára páálí bẹ́árìn lójoojúmọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ máa ń tètè wọni létí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò ti gbà pé Sódìq ló mọ ibi tí Festus lọ, Festus fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Festus, ọmọ Iléṣà. Ọdún márùndínlógójì ló ti ń ṣe iṣẹ́ fọkanáísà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó. Bí táyà bá jò, òun ni yóò yọ tiúbù inú rẹ̀, tí yóò rì í sínú omi, tí yóò wo ibi tí omi ti ń hó, tí yóò họ ojú ibẹ̀, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta fún un, ó sì rán ọmọ níwèé. Síbẹ̀, Festus kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá wà. Bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, a ní òun wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun àti Susanna ìyàwó rẹ̀, Olúwadọ̀tun ni orúkọ rẹ̀. Festus búra pé ọwọ́ ọmọ náà kò ní kan tiúbù láéláé. Bí Dọ̀tun bá ti ilé ìwé dé, tó fẹ́ jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, a lé e wọlé. "Lọ kàwé. Dúdú yìí kì í kúrò léèékánná." Ọmọ náà kàwé lóòótọ́. Ó di ẹnjinníà, ó sì lọ gba oyè kejì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rin tó ti lọ, ó rí owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan kó jọ. Susanna ní kí ọkọ òun máa lọ, kó lọ fojú rí ọmọ wá.

Báyìí ni Festus ṣe balẹ̀ sí Atlanta nínú oṣù kẹfà, tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, tó ń wá ilé gíga. Ó rí wọn, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dọ̀tun kàn ń wakọ̀ kọjá wọn ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, oko ló kù. Nígbà tó fi máa di wákàtí kejì, òkè ló kù: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, igbó bò wọ́n dúdú.

"Dọ̀tun, ṣé Amẹ́ríkà náà la ṣì wà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Georgia ni."

"Àwọn ilé gíga dà?"

"A ti kọjá wọn, sà."

"Kí ló dé tá a fi kọjá wọn?"

Dọ̀tun rẹ́rìn-ín, ó ní ìlú tí òun ń gbé kù díẹ̀. Ìlú náà ń jẹ́ Helen. Festus mọ Helen méjì láyé yìí, inú ẹgbẹ́ akọrin làwọn méjèèjì wà, kò sì rí ìlú tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọ ìlú, orúkọ kọ́ ló dààmú rẹ̀. Gbogbo òrùlé ibẹ̀ ló rí ṣóńṣó. Ògiri wọn funfun, wọ́n to igi dúdú sí i lára ní ìbú àti òró. Òdòdó pupa wà lójú fèrèsé gbogbo. Arúgbó òyìnbó kan dúró sí oríta pẹ̀lú ṣòkòtò awọ péńpé àti fìlà tó ní ìyẹ́ ẹyẹ, ó ń fọn fèrè onígi kan tó gùn ju òun alára lọ.

"Ibo lo gbé mi wá?" ni Festus wí.

"Dádì, bí ìlú Jámánì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ."

"Ṣé àwọn ará Jámánì ló ń gbé ibí ni?"

"Rárá o. Ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Igi gẹdú ni wọ́n ń là níbí láyé àtijọ́. Nígbà tí igi tán, iṣẹ́ tán, ìlú fẹ́ kú. Ni wọ́n bá gbìmọ̀ pé káwọn kun ilé àwọn bí ti Jámánì, kí àwọn àlejò lè máa wá wò ó."

Festus ronú sí i, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ lórí. "Ẹni tó bá fẹ́ wo Jámánì, ṣé kò mọ ọ̀nà Jámánì ni? Bí Ìkòtún bá fẹ́ kú lọ́la, ká wá kun ilé wa bí ti Ṣáínà?"

"Dádì, àwọn èèyàn ń wá ṣá."

Wọ́n ń wá lóòótọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ń rìn kiri, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò. Bí wọ́n bá sì jẹun tán, wọn kò ní lọ sílé kí wọ́n lọ sinmi. Wọn á kó igi lọ́wọ́, wọn á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọn á máa gun òkè. Dọ̀tun mú bàbá rẹ̀ gun ọ̀kan, kó lè lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta. Festus ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ó ń bínú bó ṣe ń lọ. Ní Iléṣà, ẹni tó bá gun òkè, oko rẹ̀ ló wà lórí òkè. Àwọn wọ̀nyí gùn ún dé òkè, wọ́n wò ó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Ó ya omi náà ní fọ́tò. Ó ya ajá òyìnbó méjì tó bá pàdé lọ́nà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ajá náà nìkan ló dà bí ẹni tó rẹ̀ bíi tirẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, Festus ì bá fara dà á. Ọ̀rọ̀ odò ni kò lè fara dà.

Dọ̀tun kò purọ́ fún un rí lórí fóònù. Ó ti sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ létí odò. Festus fúnra rẹ̀ ló fi ọkàn ara rẹ̀ kọ́ afárá ńlá sórí odò náà, tó fi akoto ẹnjinníà dé ọmọ rẹ̀ lórí, tó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Ìkòtún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, Dọ̀tun mú un lọ síbi iṣẹ́. Odò náà kò mu ènìyàn dé orúnkún ní ọ̀pọ̀ ibi. Kò sí afárá kankan tí wọ́n ń kọ́. Tiúbù ló wà níbẹ̀. Tiúbù aláwọ̀ ewé, tiúbù olómi ọsàn, wọ́n tò wọ́n gègèrè ga ju ilé lọ. Àwọn òyìnbó ń sanwó, wọ́n ń jókòó sínú tiúbù, odò sì ń gbé wọn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba àárín ìlú kọjá, wọ́n ń pariwo ayọ̀.

Ẹnjinníà Olúwadọ̀tun wọlé lọ, ó pààrọ̀ aṣọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀gá wọn a ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ aṣọ Jámánì. Ọmọ Festus jáde síta nínú ṣòkòtò awọ péńpé, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún àti fìlà oníìyẹ́. Ó gbé tiúbù mẹ́rin kọ́ èjìká. Nígbà tó rí ọ̀kan tó ń jò, ó rì í sínú àgbá omi, ó wo ibi tó ti ń hó, ó nù ún gbẹ, ó lẹ̀ ẹ́.

Ojú ti Festus. Inú bí i. Kò mọ èyí tó ṣíwájú.

"Ẹnjinníà," ló pè é.

"Sà."

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Mo ṣì ń kọ̀wé wá èyí tí mo kọ́. Kí ìyẹn tó dé, èyí ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì yín."

"Tiúbù ni mo fi rán ọ níwèé, kí o má baà ṣe tiúbù!"

"Mo mọ̀, Dádì. Àmọ́ jíjù ni wọ́n ń ju èyí tó bá ti jò nù tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́."

"Ta ló wá kọ́ ìwọ?"

"Mo máa ń wò yín láti ojú fèrèsé."

Ìyẹn tún bí Festus nínú sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n rọ òun náà títí ó fi jókòó sínú tiúbù kan tòun ti ṣòkòtò kóòtù rẹ̀. Odò gbé e, ó yí i po, ó sì fi ẹ̀yìn gbé e wọ ìlú. Ó há sórí òkúta lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá òyìnbó kan fi ẹsẹ̀ tì í kúrò, ó ní kó máa gbádùn ara rẹ̀. Festus kò gbádùn ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ inú tiúbù náà kò tó. Ẹni tó bá mọ gééjì á mọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Dọ̀tun dúró sábẹ́ pátákó ńlá kan tí wọ́n kọ orúkọ Helen àti Georgia sí gàdàgbà, tòun ti ṣòkòtò awọ, tòun ti tiúbù léjìká. "Dádì, ẹ yà mí, kí Mọ́mì rí mi." Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Susanna ń lò, fóònù ọkọ rẹ̀ ló fi ń rí ọmọ lórí fídíò. Festus ya fọ́tò náà. Ó sì pinnu lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò rí i ní Ìkòtún.

Ìdí nìyẹn tí àwòrán mọ́kànlélọ́gbọ̀n fi jẹ́ ilé, òkè, omi àti ajá. Nígbà tí wọ́n bi í ní ilé pé iṣẹ́ wo ni Dọ̀tun ń ṣe, ó ní ẹnjinníà omi ni. Nígbà tí Susanna bi í pé fọ́tò ọmọ òun ńkọ́, ó ní òun gbàgbé nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń rí ara àwọn. Susanna wò ó. Ó tún bi í lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó tún bi í.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí sórí orúkọ Bàbá Jámánì, bí kò bá sí ti Naomi. Naomi ni ọmọbìnrin tí Dọ̀tun fẹ́ fẹ́, inú oṣù Kejìlá tí Dọ̀tun bá wálé ni ìdána. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá, ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí kó tó fẹ̀yìn tì sí Gowon Estate ní Ẹ̀gbẹ́dá, kì í sì fi ọ̀rọ̀ ìwádìí ṣeré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti fẹ́ ọkọ tó ní òun wà ní Kánádà. Ọdún méjì ni ọmọ náà fi dúró dè é kí wọ́n tó gbọ́ pé Kútọ̀nú ni ọkọ wà. Nínú oṣù Kọkànlá, Ọdẹ́tọ́lá lọ ra bẹ́árìn lọ́dọ̀ Sódìq, ó sì fi ọgbọ́n béèrè nípa Festus. "Bàbá Jámánì?" ni Sódìq wí. "Ènìyàn dáadáa ni. Ó kàn ń sọ pé Amẹ́ríkà lòun lọ ni."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìpè Ọdẹ́tọ́lá wọlé. Kí àna jọ̀wọ́ wá sí Gowon Estate ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó fẹ́ àlàyé, kí ìdána tó wáyé tàbí kó má wáyé.

Festus kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ sínú àpòòwé, ó ń kùn láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, Susanna sì jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n dé, Naomi kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi wá, ó sì jókòó sí igun. Festus kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omi tán. Ó ṣí ìwé náà lé orí tábìlì.

"Físà nìyí. Òǹtẹ̀ Amẹ́ríkà nìyí, ọjọ́ tí mo wọlé. Ìlú tí mo lọ, wọ́n kàn ń ṣe bíi Jámánì ni. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi!"

Ọdẹ́tọ́lá yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. "Ẹ ṣeun, àna wa. Mo gbà pé Amẹ́ríkà lẹ lọ."

Festus mí kanlẹ̀.

"Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni Ọdẹ́tọ́lá wí. "Àwòrán tí ẹ kó sórí Wọ́sáàpù nígbà tí ẹ dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kà wọ́n. Mo rí ilé. Mo rí òkè. Mo rí omi. Mo rí ajá méjì. N kò rí Dọ̀tun. Bàbá wo ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tó ya ajá, tí kò ya ọmọ? Ṣé ẹ bá a níbẹ̀ àbí ẹ ò bá a?"

"Ìbéèrè tí mo ti ń bi wọ́n láti oṣù keje nìyẹn," ni Susanna wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ṣe Festus bíi kó dìde kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bó bá dìde, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ lórí àga yẹn. Ó wo Naomi. Orí ọmọ náà wà nílẹ̀. Inú bí i sí Ọdẹ́tọ́lá, sí Sódìq, sí àwọn tó kun ilé wọn bí ilé onílé. Ó yọ fóònù, ó wá fọ́tò náà, ó tì í sí Ọdẹ́tọ́lá lọ́wọ́ bí ẹni ń dá owó ayédèrú padà.

"Òun nìyẹn. Ẹ wò ó. Ẹ wò ó dáadáa!"

Ọdẹ́tọ́lá gbé awò ojú wọ̀. "Kí ló wọ̀ sọ́rùn yìí?"

"Aṣọ Jámánì ni."

"Ní Amẹ́ríkà?"

"Ní Amẹ́ríkà."

"Kí ló gbé kọ́ èjìká?"

"Tiúbù ni. Ó ń lẹ̀ ẹ́. Òun ni iṣẹ́ rẹ̀. Bíi tèmi."

Naomi ló kọ́kọ́ lanu. "Mo ti mọ̀, Dádì. Dọ̀tun ti sọ fún mi láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí Dádì rẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, ó ní kí n má sọ, kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́, torí pé ojú iṣẹ́ náà ń tì wọ́n."

"O mọ̀, o wá jókòó, o ń wò mí!" ni Ọdẹ́tọ́lá kígbe mọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Festus, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Iṣẹ́ wo ló ń tì yín lójú, àna wa? Èyí tí ọmọ ń ṣe, àbí èyí tí ẹ fi tọ́ ọ?"

Festus kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà sínú àpòòwé.

"Ọmọ yín kò purọ́ fún ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ purọ́ fún gbogbo wa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni ọmọ mi fẹ́ fẹ́. Ìdána dúró bó ṣe wà." Ó na fóònù sí Festus.

Susanna ló gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka fẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà títí ó fi kún ojú fóònù, ó fẹ apá, ó fẹ èjìká tó gbé tiúbù. Ojú nìkan ló ti ń rí lórí fídíò fún ọdún mẹ́rin gbáko.

"Ìyá Dọ̀tun, ká máa lọ," ni Festus wí, ó na ọwọ́ láti gba fóònù rẹ̀.

Susanna kò wo ọwọ́ náà. "Oṣù mẹ́rin ni fọ́tò yìí fi wà lọ́dọ̀ yín," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà wò ó."